Ọmọ yìí mọ̀wé, kí ló dé tí àròkọ rẹ̀ kì í dáa?

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, Jọ́gíráfì ló ń kà. Kì í ṣe pé mò ń pọ́n ọmọ mi o, ọmọ yìí mọ̀wé. A1 ló pọ̀ jù nínú èsì WAEC rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, á dá yín lóhùn títí ẹ ó fi ní ó tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kó lọ kọ term paper wá, wàhálà dé nìyẹn. Èyí tó gbà padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, máàkì 11 nínú 30. Omíyalé nílùú Ìbàdàn ni wọ́n ní kó kọ nípa rẹ̀. Olùkọ́ ò sọ nǹkan kan ju "Kí wá ni?" lọ, ó ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé káàkiri. Ọmọ ń sunkún, ó ní gbogbo ohun tí òun kọ ló jẹ́ òótọ́. Èmi náà kà á, òótọ́ ni. Kí ló wá kù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ỌmọMọ́kọ́lá
Mà, ẹ má dààmú ara yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò ra handout.

Tẹ̀wétẹ̀wé_Agbowó
@ỌmọMọ́kọ́lá, ìwọ àti ẹ̀fẹ̀!

Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Agbowó, ọ̀kánkán géètì yunifásítì. Kò sí irú pírójẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ mi ò tíì tẹ̀. Ohun kan wà tí mo ti ṣàkíyèsí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tí iṣẹ́ wọn máa ń rí wúruwùru jù, àwọn tó mọ nǹkan jù ni wọ́n máa ń jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, á lọ wo tẹni tó ṣáájú rẹ̀, á tò ó bí wọ́n ṣe tò ó, ó tán. Olórí pípé á kó ìwé wá fún mi, ọfà níbí, ọfà lọ́hùn-ún, "ẹ bá mi fi èyí sí ojú ewé kẹrin", ìpínrọ̀ kan á gbé ọ̀rọ̀ márùn-ún pọ̀n.

Ìfáárà wọn ńkọ́! Mo ti tẹ iṣẹ́ kan rí lórí kòkòrò inú ẹ̀wà. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960. Mo ní bọ̀dá, ṣé ẹ̀wà náà gbòmìnira ni? Ó ní àlàyé ìpìlẹ̀ ni.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ̀wà gbòmìnira 😂😂 ẹ ti pa mí.

OlùkọFẹ̀yìntì_ÒkèÀdó
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà dé yunifásítì.

JAMB bi í ní ìbéèrè 180: 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta tó kù. Kò kọ ẹyọ gbólóhùn kan. Lẹ́tà ló ń yàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá yára, tí ohun tó kà sì wà lórí rẹ̀, òun ló ń gbégbá orókè. WAEC ní tirẹ̀ ní kó kọ àròkọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450, máàkì 50 ló sì wà fún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín in: 10 fún ohun tó sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Ẹ ro méjì tó kẹ́yìn pọ̀, 30 nínú 50 nìyẹn, lórí èdè nìkan. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé á tètè mọ ibi tí máàkì wà. Á lọ kó gírámà ńláńlá sórí, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òwe Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àròkọ, yóò sì rí A1 gbà.

Ó wá dé yunifásítì, wọ́n yí òṣùwọ̀n padà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Níbẹ̀ wọn ò bi í pé kí lo mọ̀. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé kí lo rí nínú ohun tó o mọ̀, báwo lo sì ṣe máa fi yé ẹni tí kò fẹ́ gbà fún ọ. Ìyẹn ni "Kí wá ni?" tí olùkọ́ rẹ̀ ń kọ. Mi ò rò pé èébú ni.

Olùkọ́_Tó_Ń_Máàkì
Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi ń kọ́ wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. Ẹ bá wa sọ fún àwọn òbí pé bí ìwé tí mo fẹ́ máàkì bá ti ga dé orúnkún mi, "Kí wá ni?" ni agbára mi gbé. Nígbà tí yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, tó ṣì wà lábẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. 104 lápapọ̀ o! Olùkọ́ lè pe ọmọ jókòó, kí wọ́n jọ ka àròkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ àròkọ, kì í ṣe inú gbọ̀ngàn tí àwọn kan ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lójú fèrèsé. A gbé irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn 104 yẹn kalẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, àmọ́ a ò gbé ìjókòó yẹn kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ò ní tan yín, ẹ̀bi àwa olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bí ọmọ ò bá da ọ̀rọ̀ inú handout padà fún wọn bó ṣe rí, ó ti gbé e. Ọmọ náà á dé kíláàsì mi lẹ́yìn ìyẹn, màá ní kó sọ èrò tirẹ̀. Ta ni kó gbọ́ tirẹ̀?

Gẹ̀ẹ́sì_Kọ́
Gbogbo yín ń fò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ ó rí i pé kò sí wàhálà kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn wá láti 1970 nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, síbẹ̀ wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìdánwò dé.

OlùkọFẹ̀yìntì_ÒkèÀdó
Mo fara mọ́ Fáfúnwá pátápátá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ló ń ṣe ọmọ yìí. Àwọn ọmọ Òyìnbó tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba òdo lórí àròkọ. Mo sì ti ka àròkọ oní-Yorùbá tí àwọn ọmọ ẹ̀ka èdè kọ, àìsàn kan náà ni.

Àyánṣọlá_Ọ̀jẹ́
Mo ka ìwádìí kan rí nígbà tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ní 1990, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Newton, pín àwọn èèyàn sí méjì-méjì. Ẹnì kan á máa fi ìka lu orin tí gbogbo ayé mọ̀ sórí tábìlì, ẹnì kejì á sọ orin tó jẹ́. Àwọn tó ń lù ú rò pé ìdajì ni àwọn olùgbọ́ máa mọ̀. Nínú orin 120 tí wọ́n lù, mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀.

Ẹni tó ń lù ú ń gbọ́ orin náà lórí ara rẹ̀, kò mọ̀ pé kò-kò-kò lásán ni ẹnì kejì ń gbọ́. Èmi tí wọ́n bí sídìí ìlù, ó yé mi dáadáa. Bí bàbá mi bá fi dùndún ki ènìyàn, ẹni tó mọ oríkì yẹn ti ń jó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ariwo yìí ti pọ̀ jù. Ọmọ tó mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ̀wé. Ó kọ "pàǹtírí" sílẹ̀, lórí ara rẹ̀ ó ti rí bí pàǹtírí ṣe dí ojú odò, bí omi ṣe wá ọ̀nà mìíràn, bó ṣe wọlé onílé. Lórí ìwé, "pàǹtírí" nìkan la rí. Bí ìmọ̀ rẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa fo àtẹ̀gùn púpọ̀ sí i, torí ojú rẹ̀ ò rí wọn mọ́.

Ọlọ́pọlọ_Ẹ̀rọ
Ẹ̀gbọ́n Àyánṣọlá, ẹ ti sọ̀rọ̀ èmi gan-an. Ẹnjinníà ni mò ń kọ́. Nínú ìṣirò, olùkọ́ á ní "fi iṣẹ́ rẹ hàn", bí n ò bá fi hàn, á yọ máàkì, ìyẹn yé mi. Nínú àròkọ, ta ló mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́? N ò mọ èyí tí mo fò.

Àbọ̀Ọ̀rọ̀
Ẹ dárí jì mí o, mo fẹ́ gbé e gba ibòmíràn. Ṣé ẹ ò rò pé ẹ̀kọ́ ilé wa wà nínú rẹ̀? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ yìí mọ̀ pé kò dáa kí èèyàn máa la ọ̀rọ̀ fún àgbà bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó fún olùkọ́ rẹ̀ ní àbọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ọgbọ́n rẹ̀. Olùkọ́ ní òun fẹ́ odindi. Ẹ tún wò ó pé wọ́n ní kó sọ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá kò rí i dáadáa. Èwo ni kó ṣe?

Olùkọ́_Tó_Ń_Máàkì
Ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ kan kọ nínú àròkọ pé "gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa àtàtà ṣe sọ". Èmi ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ní kíláàsì náà ò tọ̀nà, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n lè jà mí níyàn ni. Kò sẹ́ni tó jà.

OlùkọFẹ̀yìntì_ÒkèÀdó
@Àbọ̀Ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, àmọ́ mi ò gbà á tán. Àwọn bàbá wa náà ló ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀ ní agboolé kan ní Òjé tàbí Béẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rojọ́ á ní ibí ni ààlà, ẹ wo igi pèrègún tí bàbá mi gbìn, lágbájá wà níbẹ̀, ẹ pè é wá. Wọn á gbọ́ tẹnì kejì. Baálé á wá sọ ibi tí òun dúró sí àti ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sínú agboolé ti rí i kó tó mọ ABD. Ẹnikẹ́ni ò ṣáà sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ńlá ló rò pé wọ́n ń bèèrè.

Ẹlẹ́rọ_ChatGPT
Ẹ jẹ́ kó fi ChatGPT kọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan.

Tẹ̀wétẹ̀wé_Agbowó
Wọ́n ń kó o wá fún mi lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á dán, kò sí Ìbàdàn nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti ní kí ó fún mi ní ìpínrọ̀ kan nínú iṣẹ́ náà, mo tú u sí Yorùbá fún yín:

"Ìbàdàn jẹ́ ìlú ńlá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Omíyalé ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya, ẹ̀mí tó lé ní 200 sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé ńlá mìíràn tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ, omi sì gbé afárá Apẹ̀tẹ̀. Àwọn ohun tó ń fa omíyalé ni òjò, pàǹtírí, kíkọ́ ilé sí etí odò àti àìsí ojú àgbàrá tó péye. Ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i."

OlùkọFẹ̀yìntì_ÒkèÀdó
Ọmọ yìí gbọ́n lóòótọ́. Ẹ sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́: ta ni kò mọ̀ pé Ìbàdàn tóbi? Olùkọ́ rẹ̀ ń gbé níbẹ̀. Ìkejì náà, kó yọ ọ́. Ó wá dé 1980. Òótọ́ ni, èmi fúnra mi rí Ògùnpa lọ́dún yẹn, ẹni tó bá wà ní Òkè-Àdó nígbà náà kò lè gbàgbé. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí 2011. Ọdún 31 ló fò kọjá láàárín gbólóhùn méjì! Àárín ibẹ̀ yẹn gan-an ni àròkọ rẹ̀ wà, ó sì rìn kọjá lára rẹ̀. Kí ló yí padà láàárín 1980 sí 2011? Ṣé odò kan náà ló ya? Apẹ̀tẹ̀ ò sí lórí Ògùnpa. Kí ló dé tí omi gba ibòmíràn?

Lẹ́yìn náà ló to ohun mẹ́rin tó ń fa omíyalé bí ẹni to ọjà sórí àtẹ. Èwo ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn? Òjò ti ń rọ̀ nílùú yìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ìwé tó bá sọ ohun gbogbo lọ́gbọọgba kò tíì sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí màá fún un rèé: kó wá gbólóhùn kan tí ẹni tó gbọ́n bíi tirẹ̀ lè bá a jiyàn lé lórí. "Omíyalé burú", kò sẹ́ni tó máa jà á níyàn, kó jù ú nù. Bó bá ti rí gbólóhùn yẹn, kó gbé e sí iwájú, kó sì yọ gbogbo ohun tí kò bá ràn án lọ́wọ́, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó. Níbẹ̀ ló ti máa ń dun olórí pípé jù, torí ó ti sa gbogbo rẹ̀ jọ, kò sì fẹ́ kó ṣòfò.

Olùkọ́_Tó_Ń_Máàkì
Ẹ fi kún un fún un, Bàbá, pé kó má ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó mọ̀wé jù ni kì í tún iṣẹ́ kọ. Láti pírámárì ni ohun tí wọ́n fi òru kan kọ ti ń fún wọn ní ipò kìn-ín-ní, wọn ò rí ìdí tí wọ́n á fi fọwọ́ kàn án mọ́. Ọmọ tí ìwé kò rọrùn fún ti mọ̀ tipẹ́ pé òun gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Àwọn kan wà tí tiwọn yàtọ̀, wọ́n á kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ, títí ilẹ̀ á fi mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n mú un wá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má rí iṣẹ́ wọn tí kò dán. Kí irú wọn fi ìfáárà sílẹ̀ ná, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

Àyánṣọlá_Ọ̀jẹ́
Kó sọ ọ́ fún ẹnì kan kó tó kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ Jọ́gíráfì, tí kò sì ní bẹ̀rù láti ní "n ò gbọ́". Àwọn ìbejì yín ńkọ́, Ìyá Ìbejì? Kó gbé fóònù sílẹ̀ kó ká ohùn ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dá a dúró, ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn tó fò wà.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Àwọn ìbejì yẹn á dá a dúró dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ń bọ̀.

Jọ́gíráfì_Ọdún_Kejì
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ni ọmọ tí Àǹtí mi ń sọ. Ẹ ṣeun gan-an. Ojú kọ́kọ́ tì mí nígbà tí mo rí i pé wọ́n gbé ìpínrọ̀ mi síta, àmọ́ kò burú mọ́.

Mo ṣe bí Ẹ̀gbọ́n Àyánṣọlá ṣe wí. Taiwo bi mí pé tí wọ́n bá ti kọ́ kọnkéré sí odò Ògùnpa, kí ló dé tí omi tún pa èèyàn. N ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Mo lọ wo máàpù ní ilé ìkàwé Kenneth Dike. Ohun tí mo wá kọ rèé, Àǹtí ló bá mi tú u, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú àgbà wò ó:

"Lẹ́yìn omíyalé 1980, ojú Ògùnpa ni gbogbo ètò ìdáàbòbò kọ sí. Nígbà tí omíyalé 2011 dé, ibi tó ti ṣọṣẹ́ jù ni ìhà odò Ọ̀nà, níbi tó ti gbé afárá Apẹ̀tẹ̀. Èrò mi ni pé Ìbàdàn ò tíì wo omíyalé sàn rí, ńṣe ló ń lé e láti odò kan sí òmíràn, nítorí pé odò tó ti pa èèyàn nìkan la máa ń tún ṣe, nígbà tí àwọn èèyàn sì ń kọ́lé lọ sí etí odò tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ẹni kan lè sọ pé pàǹtírí ló fà á ní ọdún méjèèjì. Òótọ́ ni pé pàǹtírí wà, ṣùgbọ́n pàǹtírí ò sọ fún wa ìdí tó fi jẹ́ Ọ̀nà, tí kì í ṣe Ògùnpa."

Olùkọ́_Tó_Ń_Máàkì
Háà. Kò sí "Kí wá ni?" níbẹ̀ o.

ỌmọMọ́kọ́lá
N ò gbà! Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n tún Ògùnpa ṣe tán? Iṣẹ́ yẹn, ìjọba kan gbé e, òmíràn gbé e. Wá sí Mọ́kọ́lá lásìkò òjò kó o wá wò ó.

Ọlọ́pọlọ_Ẹ̀rọ
Èmi náà ní ìbéèrè. O fi 1980 wé 2011, o ò fi òjò ọdún méjèèjì wéra. Bí òjò tó rọ̀ ní apá Ọ̀nà lọ́dún 2011 bá pọ̀ ju ti apá Ògùnpa lọ ńkọ́? O ò ní lè sọ pé ilé kíkọ́ ni. Àti pé adágún Ẹlẹ́yẹlé wà lórí odò Ọ̀nà láti 1942, o ò dárúkọ rẹ̀.

Jọ́gíráfì_Ọdún_Kejì
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́pọlọ, ẹ ṣeun, ti òjò yẹn ò sí lọ́kàn mi rárá. Màá wá àkọsílẹ̀ òjò kiri. Ti Ẹlẹ́yẹlé, mo rò pé ẹ̀yìn mi ló wà: àwọn èèyàn rí adágún, wọ́n rò pé omi ti ní olùṣọ́, wọ́n kọ́lé sísàlẹ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Mọ́kọ́lá, mi ò sọ pé wọ́n tún un ṣe tán, mo ní ibẹ̀ ni ojú wọn kọ sí.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ojú wọn kọ sí àpò ara wọn ni, kì í ṣe Ògùnpa.

OlùkọFẹ̀yìntì_ÒkèÀdó
@ỌmọMọ́kọ́lá, mú ẹ̀rí wá. Ọmọ náà mú tirẹ̀ wá.

Alábòójútó
Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ àròkọ ni a fi ṣí ibí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jà nítorí Ògùnpa àti Ọ̀nà, kó lọ ṣí ìjíròrò tirẹ̀ sí abala Ìlú àti Àyíká.

ỌmọMọ́kọ́lá
Mo ti ṣí i. @Jọ́gíráfì_Ọdún_Kejì, máàpù yẹn ni kó o mú dání.